Ta Ni Ọ̀sẹ̀ Yìí Kàn?

Ẹ̀yin ọmọ wa láti Òmùò tí ẹ ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di yunifásítì ní 2020, tí ẹ sì jọ háyà ilé kan náà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ti pín iṣẹ́ ilé, ẹ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹni tí yóò pọn omi, ẹni tí yóò fọ balùwẹ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan fi ìkòkò tí oúnjẹ jó mọ́ nídìí sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀sẹ̀ kàn. Onítọ̀hún fọ̀ ọ́, kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò kí i mọ́. Àwọn méjèèjì sì jọ ń lọ sí Mísà.

Bẹ́nẹ́díktì Mímọ́ kò fojú kéré irú ọ̀ràn yìí. Nínú Òfin tí ó kọ fún àwọn mọ́ǹkì ní Ítálì, ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ ilé ìdáná ni orí 35 dá lé. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á ṣe; a sì ń wá olùrànlọ́wọ́ fún aláìlágbára. Ní Sátidé, ẹni tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ parí yóò tún ibẹ̀ ṣe, yóò fọ aṣọ ìnuwọ́, yóò sì dá gbogbo ohun èlò padà ní mímọ́ àti láìfọ́. Òun àti ẹni tí ń bọ̀ yóò sì jọ wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé.

N kò ní kí ẹ máa wẹ ẹsẹ̀ ara yín. Omi kànga ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, ìwọ tí ọ̀sẹ̀ rẹ parí, pe ẹnìkejì rẹ, kí ẹ jọ wo ìkòkò náà. Bí ìwọ ni o jó o, sọ bẹ́ẹ̀, kí o sì họ ọ́ fúnra rẹ kí agogo Mísà tó lù.