Ẹjọ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Ta Ni Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Dá A?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó àárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Bí ènìyàn bá dé Kamazou, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù pàtàkì, yóò gbọ́ ẹjọ́ ní ìdí máì ṣáyì, yóò sì tún gbọ́ ọ níwájú ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. Ẹnì kejì á ní alága ni ó ń kó owó jẹ. Ẹnì kẹta á ní agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà kò tó iye tí wọ́n san lé e lórí, àti pé èyí tí wọ́n tà gan-an ni kò yẹ kí wọ́n tà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ wọ̀nyí tí ó ti san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù rí. Síbẹ̀ ẹjọ́ ń lọ, ó sì ń gbóná.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ìbéèrè tèmi ni pé: ẹ̀tọ́ wo ni olùwòran ní láti dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òun ni ó ń bọ́ ọ? Bí ó bá sì ní ẹ̀tọ́ náà, ojúṣe wo ni ó rọ̀ mọ́ ọn?

Àwọn kan gbà pé olùwòran kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Àwíjàre wọn ni pé ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Ẹni tí ó ra agbábọ́ọ̀lù, tí ó gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́, tí ó ń san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, òun ni kí ó sọ ohun tí ó wù ú. Olùwòran ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo ìran, ó ti jẹ èrè owó rẹ̀. Kí ó máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n ìtàn, a ó rí i pé kò wúwo tó bí ó ti ń dún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ IICC, tí Olóyè Lékan Sàlámì sì jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ó borí Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Góòlù 4 sí 1 ni wọ́n fi nà wọ́n ní Ìbàdàn. Bí Tonnerre sì ti gbá ẹyọ kan wọlé nígbà tí wọ́n padà dé Kamẹrúùnù, kò lè gba ife náà mọ́. Òun ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba irú ife bẹ́ẹ̀. Orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal di ohun tí ọmọdé ń pè bí ẹni ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó di 1984, ẹgbẹ́ yìí kan náà tún dé àṣekágbá ìdíje tí ó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà. Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ni ó borí wọn, góòlù 2 sí òdo ní Cairo, ẹyọ kan sí òdo ní Èkó. Kí ni ó tẹ̀lé e? Ìjọba tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ọkàn bá mi rò ó. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà ni wọ́n tú ká bí ẹni tú ìdì igi. Bí a bá ní ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù, a jẹ́ pé ìjọba kò jẹ̀bi, nítorí òun ni ó ń sanwó. Ṣùgbọ́n owó ta ni ìjọba ń ná? Ta ni ó sì kọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, bí kì í bá ṣe àwọn tí ó ti Ìbàdàn wọ mọ́tò dé Èkó, tí ohùn wọn há, tí wọ́n ń fi ìtàn 1976 sun ọmọ wọn? Àṣẹ wà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbérí padà, tí ó sì borí Villa ti ilẹ̀ Uganda láti gba ife CAF ní 1992, àwọn olùwòran àtijọ́ ni ó tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ìjọba yí padà, alága yí padà, agbábọ́ọ̀lù yí padà. Olùwòran ni kò yí padà.

Ẹ̀rí kejì wà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olówó. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ Challenge ní 1984 àti 1986. Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, gbà á ní 1985 àti 1987. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹgbẹ́ méjì yìí fi ń gba ife náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tí ó ni wọ́n fi ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ni a kò bá gbọ́ ìró wọn mọ́. A kò lè bú olówó pé ó kó owó rẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́kàn lé ẹgbẹ́ wọ̀nyí rí i pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé olùwòran ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí wọ́n ti ń ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni ìyà máa ń jẹ bí ilé bá wó, bẹ́ẹ̀ wọn kì í pè é nígbà tí wọ́n bá ń yọ òpó.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí olùwòran fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ tí kò ní ojúṣe, ìwà ipá ni ó ń dà.

Ojúṣe kìíní ni ìmọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́bi lórí ohun tí alága ṣe, tí a sì ń bú alága nítorí àìmọ̀ọ́gbá ọmọ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n kò ra agbábọ́ọ̀lù fún, ṣé òun ni kí a bi léèrè góòlù? Alex Ferguson dé Manchester United ní oṣù kọkànlá 1986. Kò gba ife ńlá kankan títí di 1990. Ká ní àwọn tí ó ń pariwo pé kí ó máa lọ ni ó ní àṣẹ ni, ìgbà mẹ́tàlá tí ó fi ẹgbẹ́ náà gba líìgì kí ó tó fẹ̀yìntì ní 2013 ìbá má wáyé. Èyí kò sọ pé kí a fara da gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá títí láé. Ó kàn ń kọ́ wa pé ìbínú ọjọ́ kan kò tó ẹ̀rí.

Ojúṣe kejì ni kí a máa rántí pé ènìyàn ni agbábọ́ọ̀lù. Òwe ẹni tí ó lẹ́rú tí a pa lẹ́ẹ̀kan gan-an ni ó tú àṣírí ọkàn wa. A ń sọ pé "wọ́n rà á", "wọ́n tà á", "kò tó owó rẹ̀", bí ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ọjà. Ẹ wo Rashidi Yekini. Kàdúná ni wọ́n ti bí i ní 1963. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Shooting Stars ní 1982. Ó dé Abiola Babes, ó dé Abidjan, ó sì dé Pọtogí. Ní 1993, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ tọ́ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní Dallas, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje Ife Àgbáyé, nígbà tí a na Bulgaria ní 3 sí òdo. Góòlù mẹ́tàdínlógójì ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ta bọ́ọ̀lù mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó fi ń gbé ní Ìbàdàn, títí ó fi kú ní 2012, ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni gbogbo wa tó tún la ohùn. Àwa tí a mọ iye tí ó tó ní ọjà, mélòó nínú wa ni ó bèèrè bí ó ti jí?

Ojúṣe kẹta ni ti ilé. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́ Kamazou òde òní mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ Arsenal àti Chelsea. Ṣùgbọ́n kí a bi í nípa Ranchers Bees, ẹgbẹ́ Kàdúná tí ó dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà ní 1988, tí Bizertin ti Túnísíà fi ẹyọ góòlù kan ṣoṣo borí. Tàbí nípa Kaduna United tí ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè yìí ní 2010, yóò máa wò wá lójú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ràn ẹgbẹ́ òkèèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé alága tí ó wà ní London kò lè gbọ́ ohùn wa láéláé, ti ìtòsí lè gbọ́. Ẹjọ́ tí a bá dá níbi tí a ti lè tún nǹkan ṣe ni ó jẹ́ ẹjọ́. Ìyókù, ẹ̀fọ́ ẹnu ni. Ní 2005, nígbà tí ìdílé Glazer ra Manchester United, àwọn olùwòran kan tí inú wọn kò dùn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní Jámánì, òfin líìgì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ju ìdajì ìbò lọ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, bí ó tilẹ̀ ní àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fi ẹnu nìkan ṣe é; wọ́n fi ọwọ́ kún un.

Ṣé kí a wá dákẹ́ ni? Rárá o. Ìdákẹ́ ni ọ̀rẹ́ alága tí ń jí owó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kàdúná, ó sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣí kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń bá ẹlẹ́sìn mìíràn gbé. Ní ìlú tí ó ti rí irú èyí, ọ̀rọ̀ tí ó lè mú Hausa, Yorùbá, Ígbò àti Gbagyi jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín túká, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ bí a ti í ta ko ènìyàn láì kórìíra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ẹ ó kọ́ máa jiyàn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí ẹ fún wọn ní ìwọ̀n kan. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹni tí mo ń sọ ọ́ sí? Ṣé n ó sọ ọ́ bí a bá borí? Kí ni èmi alára ti ṣe fún ẹgbẹ́ yìí? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Ẹni tí ó bá ní ọwọ́ méjèèjì yìí ni ó ni ẹgbẹ́, yálà ó ní kọ́bọ̀ nínú àpò rẹ̀ tàbí kò ní.