Ìbọn Tó Ní Apátí àti Èyí Tí Kò Ní: Walther PPK Lójú Ayé àti Lójú Sinimá

Òwe Yorùbá kan wà tó ń bèèrè ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí a kọjú ìbọn kọ kò ní àyè láti máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò yìn tàbí kò ní í yìn. Kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ fún un ná ni. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní ilé ọdẹ kì í pẹ́ mọ èyí, kódà bí kò tí ì gbọ́ òwe náà rí.

Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé láti ọdún 1962 ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti ń sanwó wọ ilé sinimá kí a lè kọjú ìbọn kọ wọ́n. Bí ọ̀pọ̀ fíìmù James Bond ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán tí Maurice Binder ṣe fún èyí àkọ́kọ́, Dr. No, fi ojú òǹwòran sínú ihò ìbọn ọ̀tá. Ọkùnrin kan ń rìn kọjá lọ níwájú ihò náà, ó yí padà bìrí, ó yìnbọn lu ẹni tó ń wò ó, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn láti òkè wá bo gbogbo ojú ìran. A ti pa òǹwòran kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde sá. Inú wọn ń dùn ni.

Ibo wá ni ẹ̀rù tí òwe náà ń sọ gbà lọ? Ọ̀nà kan tí a lè gbà wá ìdáhùn ni kí a tọ ipasẹ̀ ìbọn kan ṣoṣo, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ kékeré tí a ń pè ní Walther PPK, nítorí pé ìtàn ìgbé-ayé méjì ni ó ní, ọ̀kan nínú ayé tí a ń gbé, èkejì lójú aṣọ funfun.

Ilé-iṣẹ́ Carl Walther, tó wà ní ìlú Zella-Mehlis ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, ṣe ìbọn PP jáde ní 1929 fún àwọn ọlọ́pàá. Ní nǹkan bí 1931 ni wọ́n ṣe àbúrò rẹ̀ tó kúrú sí i, PPK, èyí tó wúlò fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 155 mìlímítà lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 590 gíráàmù. Ọta méje ni ó ń gbà bí ó bá jẹ́ oríṣi 7.65 mìlímítà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, kò sì yẹ kí ìkórìíra ogun mú ẹnikẹ́ni sẹ́ èyí. Apátí rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ jù: ẹni tó gbé e lè ki ọta sí i, kí ó gbé òòlù kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wálẹ̀ láìsí ewu, kí ó sì tì í sápò. Bí ọ̀ràn bá dé, fífa apátí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gbé òòlù náà sókè tí yóò sì jù ú sílẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ohun ìjà a máa sọ pé irin kò ní ẹ̀ṣẹ̀, pé ọwọ́ tó gbá a mú ni kí a bi léèrè. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tó. Àdá lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni oko ni a fi ń ro. Ọ̀bẹ ń gún ènìyàn, iṣu ni ó sì ń gé lójoojúmọ́. Kí ni a lè fi PPK ṣe lẹ́yìn kí a kọjú rẹ̀ kọ ènìyàn tó dúró nítòsí? Kò ṣe é fi dẹ ẹtu. Kò lè lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká ń kéde ara rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà. Gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ìbọn rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ẹni tó fi PPK sábẹ́ kóòtù lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ẹni náà má mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìfarapamọ́ ni a dá ìbọn yìí fún. Èyí kò sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí ọlọ́pàá tó ń tọpa apànìyàn nílò irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu ẹni tó ṣe é kò kúrò nínú ìrísí rẹ̀. Irin lásán kọ́ ni mọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1945, ìbọn PPK ni Adolf Hitler fi pa ara rẹ̀ ní Berlin. Idà ahun ni a fi ń pa ahun. Ènìyàn ì bá rò pé ìbọn tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kò ní lè gbójú sókè láàárín àwọn tó ja ogun náà. Kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ tí ó fi di ohun ìjà akọni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́tà ló fà á. Ian Fleming, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn amí James Bond ní 1953 pẹ̀lú Casino Royale, ti fi Beretta kékeré kan sọ́wọ́ akọni rẹ̀. Ní 1956 ni Geoffrey Boothroyd, ọkùnrin kan ní Glasgow tó mọ ìbọn bí ẹní mowó, kọ̀wé sí i pé ìbọn obìnrin ni Beretta yẹn, kò yẹ amí. Ìbọn ìléwọ́ ti ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ni Boothroyd fẹ́ kí ó lò; PPK wá láti inú àdéhùn tí àwọn méjèèjì jọ ṣe. Nígbà tí ìwé Dr. No jáde ní 1958, PPK ti wà lọ́wọ́ Bond, Fleming sì sọ ẹni tó ń tọ́jú ohun ìjà àwọn amí ní Ọ̀gágun Boothroyd, láti fi ìmoore hàn.

Ìtàn kékeré kan so mọ́ lẹ́tà yìí tí ó tọ́ kí a rántí. Boothroyd yá ayàwòrán Richard Chopping ní ìbọn òun fúnra rẹ̀ kí ó lè yà á sí ẹ̀yìn ìwé From Russia with Love. Ìbọn náà kò tí ì padà dé tí ẹnì kan fi irú rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́ta nítòsí Glasgow ní 1956, ni àwọn ọlọ́pàá bá wá bi Boothroyd léèrè ibi tí tirẹ̀ wà. Peter Manuel ni ó pa wọ́n. Wọ́n yẹgi fún un ní 1958. Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìbọn tó wà nínú àwòrán àti ìbọn tó wà nínú ìpànìyàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá kò bèèrè èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà.

Sinimá ni ó wá ya àwọn méjèèjì nípá pátápátá. Nínú fíìmù Dr. No, ọ̀gá Bond gba Beretta lọ́wọ́ rẹ̀, Boothroyd sì fi ìbọn tuntun lé e lọ́wọ́, ó ń pè é ní PPK. PP ni ìbọn tí ojú ń wò níbẹ̀ ní tòótọ́. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán Sean Connery láti fi polówó fíìmù kejì ní 1963, ẹnikẹ́ni kò rántí gbé PPK wá. Afẹ́fẹ́ ni ìbọn Walther LP-53 tí ó gbé sáyà fi ń yìn, irú èyí tí a fi ń kọ́ ìbọn yíyìn. Ní oṣù Kọkànlá 2010 ni wọ́n lu ìbọn afẹ́fẹ́ náà ní gbàǹjo ní ilé Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa 277,250 póùn. PP inú Dr. No, tí kò lè yìn mọ́, pa 256,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà ní 2020. Ìbọn tí kò ní apátí wá wọ́n ju èyí tó ní in lọ fíìfíì. Ohun tí àwọn olówó náà rà ni ìdánilójú pé ẹnì kan lè gbé ikú dání kí aṣọ rẹ̀ má sì rún.

Ẹnì kan lè fèsì pé eré ni eré í jẹ́. Nígbà tí apidán bá di erè lójú agbo, ta ni kò mọ̀ pé aṣọ ni? Àwọn ènìyàn a sá sẹ́yìn, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fún un lówó. Àfiwé náà dùn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Apidán kì í fi yé ẹnikẹ́ni pé erè kì í bu ni ṣán, tàbí pé ẹni tó bá ní erè lápò ti di ẹni tí ayé ń fẹ́. Èrò tí sinimá ń tà nìyẹn nípa ìbọn, ó sì ṣeé fi wé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1974, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn dá ọkọ̀ Ọmọ-ọba Anne dúró ní òpópónà The Mall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ jí i gbé. James Beaton, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ, fa PPK rẹ̀ yọ. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kò bà á. Bí ó ti fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ọta há sínú rẹ̀. Ìbọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ara Beaton ni ó kù tí ó lè fi dí ọ̀nà. Ọta mẹ́ta bà á. Orí yọ ọ́, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ George Cross dá a lọ́lá. Akànṣẹ́ kan tó ń kọjá lọ ló na oníṣẹ́ ibi náà ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ náà wúlò ní alẹ́ yẹn ju iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó PPK kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìdílé ọba. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, fíìmù Bond tuntun, The Man with the Golden Gun, jáde. PPK ni ó wà lọ́wọ́ Roger Moore.

Láti ìgbà náà, Bond fi PPK sílẹ̀ fún Walther P99 ní 1997, ó sì padà sí i ní 2008. Amí inú àwòrán tí ń rìn ni Archer, tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ṣe láti 2009 títí di 2023, gbé e dání pẹ̀lú. Àwòrán lásán tó gbé àwòrán ìbọn àwòrán mìíràn: ó ṣòro kí ìbọn jìnnà sí irin jù báyìí lọ.

Síbẹ̀ kò tọ́ kí a dá gbogbo sinimá lẹ́bi pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1979, Kim Jae-gyu, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Gúúsù Kòríà, yọ PPK nídìí oúnjẹ alẹ́ ní Seoul, ó yìn ín lu olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ àti Ààrẹ Park Chung-hee fúnra rẹ̀. PPK náà kọ̀ láti yìn mọ́. Kim ní láti jáde, kí ó gba ìbọn mìíràn lọ́wọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, kí ó tún padà wọlé wá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Im Sang-soo sọ ìtàn alẹ́ yẹn nínú The President's Last Bang ní 2005, Woo Min-ho sì sọ tirẹ̀ nínú The Man Standing Next ní 2020. Ọmọ olóògbé pe fíìmù 2005 lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ kí wọ́n gé àwọn àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kúrò nínú rẹ̀, àṣẹ tí wọ́n yí padà ní 2006. Fíìmù tó fi ìtìjú àti ẹ̀rù ìpànìyàn hàn ni ó dé kóòtù. Fíìmù tí a ti ń pa ènìyàn bí ẹni ń ta ayò kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Àwọn òṣìṣẹ́ sinimá fúnra wọn ti rí i pé òwe àgbà kò yọ agbo eré sílẹ̀. Ní 1993, níbi tí wọ́n ti ń ya The Crow, àjákù ọta tó ti há sínú ihò ìbọn eré jáde, ó sì pa òṣèré Brandon Lee. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2021, ní New Mexico, wọ́n ní ìbọn tí Alec Baldwin mú lọ́wọ́ kò ní ewu. Ó kọjú rẹ̀ sí apá ibi tí Halyna Hutchins, ayàwòrán fíìmù Rust, wà. Ọta gidi wà nínú rẹ̀. Hutchins kú lọ́jọ́ náà. Ní 2024 ni ilé-ẹjọ́ dá ẹni tó ń tọ́jú ìbọn níbẹ̀ lẹ́bi. Òfin kan ṣoṣo tí ì bá gba obìnrin yìí là kò nílò ẹ̀rọ tàbí ìwé àṣẹ.

Báwo, nígbà náà, ni a ṣe lè fi ìbọn hàn láì parọ́ nípa rẹ̀? Oliver Hirschbiegel ní láti dáhùn ìbéèrè yìí nígbà tó ń ṣe Der Untergang, fíìmù ilẹ̀ Jámánì tó jáde ní 2004 nípa ọjọ́ ìkẹyìn Hitler. Ìbọn tó lókìkí jù nínú gbogbo PPK ni ó yẹ kí ó yìn níbẹ̀. Hirschbiegel ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìbọn, kò sí ọwọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ lójú wa ní ìṣẹ́jú náà. Ibòmíràn nínú àjà ilẹ̀ náà ni a wà, níbi tí akọ̀wé obìnrin ọ̀dọ́ kan ti ń fún àwọn ọmọ Goebbels lóúnjẹ. Ìró kan dún. Obìnrin náà mọ ohun tó jẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọkùnrin, kígbe pẹ̀lú ayọ̀ pé ó ba ojú àmì.