Òdodo Nínú Pípín Owó Ìwádìí Ìlera

Nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń gbé yẹ̀wò láti ayébáyé, èyí tó kan ìpín wà lára àwọn tó nira jù lọ, ìyẹn ni pé, bí ohun tó wà nílẹ̀ kò bá kárí, kí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n ẹni tí yóò gbà àti ẹni tí yóò padà lọ́wọ́ òfo? Aristotle, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, dáhùn pé òdodo nínú ìpín ni kí a fún oníkálùkù gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gbà pé ẹnu kò kò lórí ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹni yíyẹ, nítorí pé àwọn kan ní òmìnira ni, àwọn kan ní ọrọ̀ ni, àwọn mìíràn sì ní ìwà rere ni. Àríyànjiyàn yìí kan náà ló ń wáyé lónìí nídìí owó tí ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú ń yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí ìlera, pàápàá ìwádìí tó kan ìyàtọ̀ akọ àti abo, yálà ìyàtọ̀ tó wà nínú ara tàbí èyí tí àwùjọ gbé lé ọkùnrin àti obìnrin lórí.

Ohun méjì ni a sábà máa ń kó pọ̀ níbí. Àmì ẹ̀yẹ, bí irú ti Nobel, jẹ́ ohun tí a fi ń dá ènìyàn lọ́lá nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe parí, ó sì tọ́ kí a béèrè ẹni tó ṣe é kí a tó gbé e fún un. Owó ìwádìí yàtọ̀, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni a ń san án fún, kò sì sí èrè tí a ń fi san fún olùwádìí nínú rẹ̀. Ẹni tí owó náà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ gan-an ni aláìsàn tí ìwádìí náà yóò gbà sílẹ̀. Bí àwọn tó ń pín owó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, tí wọ́n wá ń pín owó ìwádìí bí ẹni ń pín àmì ẹ̀yẹ, ẹni tó ti lókìkí ni yóò máa gbà á ṣáá.

Nínú òwe tálẹ́ńtì tó wà nínú Ìhìnrere Mátíù, a gba ti ìránṣẹ́ tí kò jèrè lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi kún ti ẹni tó ti ní mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ ni Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ti mú orúkọ Mátíù ní ọdún 1968 fún bí ìyìn ṣe ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti gbayì láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe lo ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni òwe náà ń ṣèdájọ́ lé lórí. Kì í ṣe òfin tí ẹni tó ní àpò owó lè fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìtàn àpilẹ̀kọ Merton fúnra rẹ̀ tún bani lọ́kàn jẹ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Harriet Zuckerman, obìnrin olùwádìí kan, ṣe pẹ̀lú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ni Merton gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ kà, síbẹ̀ orúkọ Merton nìkan ló wà lórí àpilẹ̀kọ náà, ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó kọ ọ́ pé ó yẹ kí orúkọ àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Ní 1993, Margaret Rossiter sọ irú ìfojúfò-obìnrin báyìí lórúkọ Matilda, ní ìrántí Matilda Joslyn Gage, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kọjá orúkọ lórí ìwé. Ní 2014, Canadian Institutes of Health Research, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó ìwádìí ìlera níbẹ̀, la ètò rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ní ọ̀nà kan, iṣẹ́ tí olùbéèrè fẹ́ ṣe ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì lé, ní ọ̀nà kejì, olùbéèrè fúnra rẹ̀ àti àwọn àṣeyọrí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tí olùwádìí Holly Witteman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè 23,918 láti 2011 sí 2016 yẹ̀wò, tí wọ́n sì yọ ipa ọjọ́ orí àti ẹ̀ka ìmọ̀ kúrò, wọ́n rí i, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019, pé níbi tí a ti ń wo iṣẹ́, àǹfààní obìnrin láti rí owó gbà fi 0.9 nínú 100 dín sí ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń wo ènìyàn, àlàfo náà di 4 nínú 100. Àwọn tó ń rí owó gbà lápapọ̀ kò sì tó 16 nínú 100, nítorí náà àlàfo 4 kì í ṣe kékeré rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ àná ni ẹ̀rí tó dára jù nípa ohun tí ènìyàn lè ṣe lọ́la, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò mọ́, nítorí àkọsílẹ̀ àná olùwádìí kan ti gbé gbogbo ohun tí a ti fi dù ú sínú. Utako Okamoto, oníṣègùn ọmọ Japan, ń pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ní yàrá ìwádìí ní Tokyo lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ Shosuke ló sì ṣàwárí tranexamic acid tí wọ́n kéde ní 1962, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yòrò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwọn abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n kò rí àwọn dókítà agbẹ̀bí tí yóò gbà láti dán an wò. Ọdún 2010 ni London School of Hygiene & Tropical Medicine tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan lórí rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin 20,060 ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: bí a bá fún abiyamọ ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, ikú tí ẹ̀jẹ̀ yíya ń fà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Okamoto ti kú ní 2016. Àdúrà pé kí a gbóhùn ìyá kí a gbóhùn ọmọ kò sinmi lẹ́nu Yorùbá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó náwó sí i.

Health Research Council ti New Zealand ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn láti 2013 fún apá kan nínú owó rẹ̀: wọ́n ń fi orúkọ olùbéèrè pamọ́ fún àwọn tó ń yẹ ìwé wò, wọ́n ń ṣa àwọn iṣẹ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n á dìbò, bí ẹni ṣẹ́ kèké, láti mọ èyí tí yóò gbowó. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yan ẹni méjì tó yẹ, kí ìbò tó mú Màtáyà láàárín wọn. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, nítorí ẹni tó dìbò ti gbà pé ìmọ̀ òun ní ibi tó dé dúró.

Síbẹ̀, ìbò kò lè mú ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀. Láti 1977 títí di 1993 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi ń dámọ̀ràn pé kí a má ṣe fi obìnrin tó lè lóyún sínú ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò oògùn, èrò rere ló sì fà á, kí ọmọ inú má baà fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ló wá ń lo oògùn tí a kò kọ́kọ́ dán wò lára irú wọn. Nítorí èyí ni yíya owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí akọ àti abo kò ṣe jẹ́ ojúsàájú, bí àwọn kan ṣe ń pè é: aláìsàn tí a fojú fò ni a ń dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún. Àjọ Kánádà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti ní ẹ̀ka kan fún un, Institute of Gender and Health, láti 2000, láti 2010 sì ni ó ti ń bi àwọn olùbéèrè bóyá ìwádìí wọn ka ìyàtọ̀ akọ àti abo sí, ìbéèrè tí ẹni tó ń ṣèwádìí lórí ọkàn tàbí egungun náà gbọ́dọ̀ dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣèwádìí lórí ilé ọmọ.