ẸNI TÍ A PÈ NÍ WÁKÀTÍ KỌKÀNLÁ



Ẹni tí ó bá gba Ajah kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kò ní ṣàìrí àwọn lébìrà tí wọ́n dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n lọ sí ibi ìkọ́lé. Bí ọkọ̀ kan bá rọra dúró, gbogbo wọn a sáré sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tí apá wọn le ni a máa ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí oòrùn bá ga, ẹ ó rí i pé àwọn tí irun wọn ti ń funfun ni ó kù. Ẹnikẹ́ni kò bú wọn, ẹnikẹ́ni kò lé wọn. A kàn fojú fò wọ́n ni.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa ní lọ́kàn nígbà tí Ó pa òwe àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà, èyí tí Mátíù Mímọ́ kọ sílẹ̀ ní orí ogún Ìhìn Rere rẹ̀. Baálé ilé náà jáde ní òwúrọ̀, ó tún jáde ní ọ̀sán, kò sì rẹ̀ ẹ́ títí ó fi di wákàtí kọkànlá, èyí tí í ṣe aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní ìṣírò tiwa. Ó bá àwọn kan tí wọ́n ṣì dúró, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì pè wọ́n. Ó sì rán wọn wọ inú ọgbà.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ fún yín lórí òwe yìí. Ìyá kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn Mísà. N kò ní sọ ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, òun pàápàá sì ti gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ń tọ́ ọmọ. Kí àkùkọ tó kọ ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ní Ajah. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sì í jẹ́ kí ó délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, “Fáda, láti kékeré ni mo ti fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé, irú èyí tí a ń fi orin àti ijó ṣe. Bàbá mi ní ọmọ òun kò ní ṣe alárìnjó. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò kú. Ṣé ó ti pẹ́ jù?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣe ìyẹn.” Ó ní, “Ẹ ṣeun, Fáda,” ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ṣí ìwé láti múra ìwàásù, òwe yìí ni mo bá pàdé. Mo wá rí i pé nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, èmi kọ́ ni mo ṣe bí baálé ilé. Mo ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dé ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń kùn sí àwọn tí ó dé lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, ta ni ó kọ́ wa pé ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́? Ìtàn eré olórin ní ilẹ̀ Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Hubert Ògúndé, tí a bí ní ọdún 1916, ti ṣe olùkọ́ rí. Inú iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó sì wà nígbà tí ó gbé eré olórin kan lórí ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, fún ìjọ Aládùúrà kan. Ní ọdún 1945 ni ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, eré ni ó sì ń ṣe títí ó fi kú ní ọdún 1990. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1961, Ládípọ̀ gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan kùn sí i gidigidi, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde síta. Ní ọdún 1963 ó ṣe Ọba Kò So. Ní ọdún 1964 ó gbé e dé Berlin ní Jámánì. Ẹ kíyè sí i pé ní ìparí ọdún 1963 yẹn kan náà ni Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí ìsìn mímọ́, tí ó sì ní kí a ka orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn sí. Irú ìlù tí a kùn sí nígbà náà ni àwa fi ń jó gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ lónìí.

Ẹnìkan lè wí pé ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ogójì. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wá wo Victoria Island tí kò jìnnà sí wa. Amòfin ni Bọ́lánlé Austen-Peters. Ní ọdún 2003 ni ó dá Terra Kulture sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 2013, nígbà tí ó ti kọjá ogójì ọdún, kí ó tó gbé eré olórin tí ń jẹ́ Saro jáde. Ní ọdún 2016 ó gbé Wakaa dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2013 bákan náà ni Uche Nwokedi, tí òun náà jẹ́ àgbà amòfin, gbé Kakadu jáde, eré olórin lórí ìgbé ayé Èkó ní àwọn ọdún 1960. Lóòótọ́, ẹni tí ń gbé eré kalẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Wọn kì í ṣe ẹni tí ń kọrin tí ń jó níwájú ènìyàn. Ṣùgbọ́n èyí gan-an fi hàn wá pé ọgbà náà tóbi: ó ń fẹ́ akọrin, ó ń fẹ́ òǹkọ̀wé, ó ń fẹ́ onílù, télọ̀ àti káfíńtà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé àánú baálé ilé sọ iṣẹ́ di ohun yẹpẹrẹ. Inú ọgbà ni ó rán wọn lọ. Kò ní kí wọ́n jókòó sí abẹ́ ìbòji. Iṣẹ́ mẹ́ta ni eré olórin so pọ̀: orin, ọ̀rọ̀ sísọ àti ijó. Ohùn tí ó dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin lè já nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń jó, nítorí èémí kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín. Orúnkún ogójì ọdún kì í ṣe ti ogún ọdún. A ní láti na ara kí a tó jó, kí a sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. A ó dúró fún ìdánwò ohùn láàárín àwọn tí a lè bí lọ́mọ, a ó sì gba “rárá” lọ́wọ́ ẹni tí ó kéré sí wa láìbínú. Àgbà náà sì ní ohun tí ó mú bọ̀ o. Ta ni ìbá tún ṣe opó tí ń sunkún ọmọ rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó ti mọ ẹkún rí?

Ọ̀rọ̀ owó àti ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iye eré tí a bá pe òṣèré sí ni yóò gba owó rẹ̀. Bí eré bá parí, owó parí. Nítorí náà, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ má ṣe fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ògúndé alára kò tíì bọ́ aṣọ ọlọ́pàá nígbà tí ó gbé eré yẹn kalẹ̀. Bí ìdánrawò bá sì pẹ́ di alẹ́ ní Victoria Island, tí a tún ní láti padà sí Ajah lóru, ta ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ? Kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ kí ó tó di ìjà. Ẹ rántí pé nínú àpò ara rẹ̀ ni baálé ilé ti mú owó tí ó san fún ẹni ìkẹyìn; kò yọ kọ́bọ̀ nínú ti ẹni ìṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ayọ̀ wa tí ó pẹ́ kí ó tó dé má ṣe jẹ́ ohun tí a yọ nínú ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wa.

Bí ẹ̀rù orúkọ alárìnjó bá sì ń ba ẹnikẹ́ni, kí ó rántí Karol Wojtyła, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Pólàńdì, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe eré níkọ̀kọ̀ ní Kraków láti ọdún 1941, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ìlú wọn. Ó fi ìtàgé sílẹ̀ lọ síbi pẹpẹ, ó sì di Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, ẹni tí a ti kà mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́. Kò kẹ́gàn ohun tí ó fi sílẹ̀: ní ọdún 1999, ó kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣẹ́ ọnà gbogbo ayé láti fún wọn ní ìyànjú.

Ẹ̀yin tí ẹ tètè rí iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín pa ìrètí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí a kò tètè pè, ẹ má ṣe fi wákàtí kan tí ó kù yín kú ka mọ́kànlá tí ó ti lọ. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Mo padà tọ ìyá náà lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí. Mo ní kí ó kópa nínú eré Ìjìyà Olúwa tí a ń ṣe ní ìjọ wa ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, kí ó fi ibẹ̀ dán ara rẹ̀ wò. Ó ní òun yóò rò ó. Ní ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ sí mi. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Aago tí ìdánrawò yóò bẹ̀rẹ̀ ni ó ń bèèrè.

Kí Olúwa ọgbà àjàrà, tí kì í rẹ̀ láti jáde wá wa, kí Ó bá olúkúlùkù wa lórí ìdúró ní wákàtí tí ó wù Ú. Àmín.

Fáda yín nínú Krístì