Ẹ Má Da Mọ́tò Agolo Ọmọ Nù

Ní Afo wa níbí, bí ọmọ bá fi agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ṣe mọ́tò, àwa àgbà a ní pàǹtí ni. A ó jù ú sóde, ọmọ á bú sẹ́kún.

Ṣé bí Ànábì (ìkẹ́ Ọlọ́hun kó máa bá a) ti ṣe nìyẹn? Nínú hàdíìsì Abú Dáwúdà, ó rí ẹṣin ìṣeré Àíṣà tí a fi àkísà ṣe apá méjì fún. Ó bi í léèrè. Àíṣà ní ṣebí ẹṣin Ànábì Sùlàímánà náà ní apá. Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gàn rẹ̀ fi hàn.

Súrà 17 pe onínàá-àpà ní ọmọ-ìyá ṣàítáànì. Ẹ fọ agolo, ẹ lu etí rẹ̀ pa kó má ya ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ bá a ṣe é. Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù. Àmín.