Ìsinmi Akọni àti Ọ̀tá Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà tí ènìyàn fi ń ṣọ́ orí ni ó fi ń sùn. Láti inú èyí ni ìbéèrè kan ti jẹ yọ, tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà gbé yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn akọni tí ìlú gbójú lé jókòó ti agbè ẹmu, kí wọ́n máa ta ayò, kí wọ́n máa bá ara wọn ṣàwàdà, nígbà tí wọ́n mọ̀ dájú pé ọ̀tá wọn àtijọ́ kò tíì kú?

Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé kò tọ́. Wọn a ní ọjọ́ tí akọni bá sinmi gan-an ni ọ̀tá ń dé. Ìtàn sì dà bí ẹni pé ó gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, òru ni ogun Ìbàdàn tí ó wá gbèjà ìlú náà yàn láti kọlu ibùdó wọn. Bí a ṣe tú àwọn jagunjagun tí ẹṣin wọn ti kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ìlú ká nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oorun nìkan ní ń fọ́ ogun, kò sí ogun kan láyé tí kì bá tí fọ́, nítorí kò sí ọmọ ogun tí kì í sùn. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, ta ni ó ń ṣọ́ àwọn tí ó sùn?

Ẹ̀bi wà fún àìsinmi pẹ̀lú. Nínú ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bá ara wọn jà láti 1877 títí di 1893, Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò sì fi ojú kan ilé mọ́. Ní 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, síbẹ̀ ó di 1893 kí ogun ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà tó rọlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù pé ọ̀tá lè tún dìde wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́kọ́ tú ibùdó ká. Ọmọ tí a bí nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kí ó tó parí. Akọni tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ ohun ìjà kalẹ̀ ti fi ayé rẹ̀ fún ọ̀tá, bí ọ̀tá náà kò tilẹ̀ ta á ní ọfà kan.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, a sì máa ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ẹ̀ṣọ́ kì í sá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí ẹ̀yìn Ẹ̀ṣọ́ kan bá là, ẹnìkejì rẹ̀ ni ó bá a ṣọ́ ọ. Níbi ayò àti ẹmu tí àwọn kan ń bú ni irú ìfọkàntánni bẹ́ẹ̀ sì ti ń dàgbà.

Ìlú Minna tilẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gwari, kọ́kọ́ tẹ̀dó sórí òkè nítorí àwọn akónilẹ́rú. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn lábẹ́ ààbò òkè náà. Wọn kò dúró kí ọ̀tá tán kí wọ́n tó máa gbé ayé wọn. Ibi tí ó ṣe é ṣọ́ ni wọ́n wá fún ìgbé ayé wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní Kagara. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n kó ọmọ kéékèèké ní ilé-kéú ní Tegina, ní Ìpínlẹ̀ Niger kan náà. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ó rọrùn láti bú ọdẹ tí a bá lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lé ènìyàn mẹ́wàá lọ́wọ́, tí kò yan ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn, òun gan-an ni ó sùn.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọ̀tá àtijọ́ bá yọ lójijì ni ogun dé. Kontagora wà lára ibi tí àwọn akónilẹ́rú ti ń wá bá àwọn Gbagyi. Òyìnbó lé Ibrahim Nagwamatse, ọba ibẹ̀, kúrò ní 1901, wọ́n mú un ní 1902, wọ́n sì dá a padà sórí oyè ní 1903. Láti 1976, Kontagora àti Minna ti wà nínú ìpínlẹ̀ kan, Minna sì ni olú-ìlú. Ọmọ ẹni tí ó ń kóni àti ọmọ ẹni tí a ń kó ń ná ọjà kan náà. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá sinmi rí, ojú rẹ̀ tí ó ti pọ́n kò ní lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀tá tí ó padà wá jà àti aládùúgbò tí ó wá kí ni.

Nítorí náà, ó tọ́ kí akọni sinmi, àfi kí gbogbo wọn má sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ń mu ẹmu lónìí, kí ó rántí pé ẹnìkan dúró síta nítorí rẹ̀, kí ó sì dìde nígbà tí ó bá kàn án.