Omi Kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

A kà á nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 23, bí òùngbẹ ti gbẹ Dáfídì, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí omi kànga ẹnu-bodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Alágbára mẹ́ta la ogun Fílístínì já láti fà á wá. Ṣùgbọ́n kò mu ún, ó dà á sílẹ̀ fún Olúwa. Kì í ṣe pé omi náà dọ̀tí. Ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a gbọ́ ohun tí a ń sọ káàkiri ayé nípa iná tí a lè fi oòrùn fà jáde láti inú omi. Afẹ́fẹ́ méjì ni Ẹlẹ́dàá so pọ̀ di omi, háídírójìn àti ọ́síjìn. Ní ọdún 1800 ni Nicholson àti Carlisle, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀lẹ́tíríìkì tú wọn kúrò lára ara wọn. Ní ọdún 1972, Fujishima àti Honda ti ilẹ̀ Jàpáánì kéde pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà, bí ó bá tàn sí ohun kan tí a fi titanium ṣe nínú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ìṣáájú ni a ń lò jù: a fi pátákó gba oòrùn, a sọ ọ́ di ẹ̀lẹ́tíríìkì, a sì fi tú omi. Bí a bá sì dáná sun háídírójìn náà, omi ni yóò tún padà dà. Iṣẹ́ Olúwa ha kọ́ nìyí?

Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú háídírójìn ayé lónìí, láti inú gáàsì àti èédú ni a ti ń mú un wá. Òpin rẹ̀ mọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo etí òkun Ìlàjẹ. Orí òkè ni Oríòkè-Ìwàmímọ́ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. A rò pé ìwà mímọ́ gan-an ni òkè náà. Oòrùn ń ràn níbẹ̀, omi sì yí wọn ká. Kí ni ó tún kù? Iyọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀lẹ́tíríìkì sí omi òkun bí ó ti wà, klóríìnì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lè bá a jáde. A ní láti kọ́kọ́ yọ iyọ̀ kúrò. Kílógíráàmù kan háídírójìn sì ń fẹ́ omi tí ó mọ́ tó lítà 9, ó kéré tán. Àwọn ìyá wa tí ń wa ọkọ̀ lọ pọn omi mímu mọ ohun tí lítà 9 jẹ́: omi mímu ilé kékeré kan ni fún ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ ti rí irú rẹ̀ rí. A rí epo nínú òkun wọn; ní ọdún 2020 kànga Ororo-1 bú nítòsí Awóyè, iná sì jó lórí omi fún ìgbà pípẹ́, iná tí kò tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá ẹnikẹ́ni.

A kò sọ èyí láti lé ìmọ̀ sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àjọ WASCAL, pẹ̀lú owó ìjọba Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ní ẹ̀kọ́ háídírójìn yìí, ní Niamey, ní Lomé àti ní ibòmíràn. Jámánì kò sì fi bò, láti ọdún 2020, pé òun yóò ra púpọ̀ nínú rẹ̀ láti òkè òkun. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìlàjẹ wà lára àwọn tí ń kọ́ ọ, kí ó má ṣe jẹ́ pé olùṣọ́ ẹnu-ọ̀nà nìkan ni yóò jẹ́ níbi iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin àgbà, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ dé èbúté yín, ẹ béèrè ẹnu ẹ̀rọ omi tí yóò kọjú sí ìlú, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ṣí èyí tí yóò kọjú sí ọkọ̀ òkun.